Ẹ̀gbọ́n Tí Àfísù Háyà

Ìrẹsì ni Àfísù kọ́kọ́ bá jà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ki ọwọ́ bọ inú abọ́ tí ìyàwó rẹ̀, Làtífátù, dà á sí, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó gbé e sún mọ́ imú, ó sì dà á padà bí ẹni tó bu iyẹ̀pẹ̀.

"Olúwọlé ni," ó wí. "Àpò tuntun, ìrẹsì àtijọ́. Wọ́n dà á sínú àpò olówó, wọ́n rán ẹnu rẹ̀."

"Bàbá Mutmainah, ìrẹsì ni. Bí mo bá sè é, á jinná."

"Mo ní Olúwọlé ni!"

Kò sí ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ yìí ní Lagos Town, àdúgbò àwọn Yorùbá ní Accra. Èkó ló ti wá, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí wọn kò fi ojú rí Èkó rí ń sọ ọ́ ní Accra bí ẹni pé ìyá wọn ló fi kọ́ wọn. Ìwé ayédèrú ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè bẹ́ẹ̀: páásìpọ́ọ̀tù, sàtífíkéètì, ìwé ilẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà kúrò lára ìwé, ó bọ́ sára tìmátì inú agolo, ó bọ́ sára oògùn ibà, ó bọ́ sára bíréèkì ọkọ̀. Ohunkóhun tí ojú rẹ̀ bá jọ òtítọ́ tí inú rẹ̀ kò sì rí bẹ́ẹ̀, Olúwọlé ni. Ẹni tó tà á fún ọ, Olúwọlé ni òun náà. Kò sì sí ẹni tí wọ́n ń tà á fún bíi tálákà. Olówó á lọ sí ibi tí ojúlówó wà. Tálákà ni yóò san owó ojúlówó, tí yóò gbé ayédèrú relé, tí yóò tún máa dúpẹ́ lọ́nà.

Bíréèkì àti bẹ́árìn ni Àfísù ń tà ní Abossey Okai, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ìbínú rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí ó yẹ kí ìbínú náà dúró sí. Fáànù ará ilé kejì, Olúwọlé. Lọ́fíńdà tí wọ́n fún un nígbà ìtúnu ààwẹ̀, Olúwọlé. Nígbà tí pásítọ̀ ìjọ Màmá Treasure fi eyín tuntun sẹ́nu, Àfísù wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì pe eyín náà lórúkọ. Láti ọjọ́ náà ni Màmá Treasure, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn nínú àgbàlá, kì í ti í kí i tán kí ó tó wọlé.

"Ẹ jẹ́ ká fi ìrẹsì sílẹ̀," Làtífátù wí. Ó ń ṣa òkúta, kò gbójú sókè. "Àwọn àlejò yóò dé lẹ́yìn ìrun Àílà. Ta ni yóò gbà wọ́n?"

Mutmainah, ọmọ wọn obìnrin kan ṣoṣo, ni wọ́n ń bọ̀ wá tọrọ. Láti Kumasi ni ẹbí ọkọ ti ń bọ̀. A kì í sì í jẹ́ kí bàbá ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ gba irú àlejò bẹ́ẹ̀. Àgbà ẹbí ní í jókòó síwájú. Òun ní í bi wọ́n pé kí ni wọ́n wá ṣe, òun ní í dárúkọ àwọn òkú ilé, òun ní í ṣàdúrà sórí ọmọ. Bàbá ọmọ á kàn jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí wọ́n wá bẹ̀ wò.

Àgbà kan ṣoṣo ló kù fún Àfísù ní gbogbo Accra. Mùktárù ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ìyá kan bàbá kan, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní Mamobi. Ẹlẹ́sẹ̀ lè rìn láti Lagos Town dé Mamobi kí omi tó hó lórí iná. Àfísù kò rìn ín láti ìgbà tí wọ́n ti jà.

"Mo ti rí ẹni tí yóò gbà wọ́n," Àfísù wí.

"Ta ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi."

Làtífátù fi òkúta ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Alihamudulilahi! Ẹ ti lọ sí Mamobi?"

"Mo ní mo lọ sí Mamobi?"

Ó sọ fún un nígbà náà. Ọkùnrin kan wà ní ìsàlẹ̀ Nima, Bàbá Àrówólò, àgbà tó dá ṣáṣá, tó ní agbádá tirẹ̀, tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Ó máa ń dúró fún àwọn tí kò ní èèyàn.

Làtífátù ń wo ẹnu rẹ̀. Ní Accra, wọ́n ń háyà àga, wọ́n ń háyà àtíbàbà, wọ́n ń háyà ẹni tí yóò sunkún níbi òkú tí kò mọ̀ rí. Ó mọ gbogbo ìyẹn. Kò tíì gbọ́ ọ nínú ilé ara rẹ̀.

"Ẹ háyà ẹ̀gbọ́n?"

"Kí ni kí n ṣe? Kí n lọ bá Olúwọlé kó wá gba àlejò fún mi?"

"Ẹ̀gbọ́n yín lẹ ń pè bẹ́ẹ̀."

"Ọjà Abossey Okai ló ń pè é bẹ́ẹ̀."

"Ta ló kọ́ ọjà?"

Àfísù dìde, ó ní òun fẹ́ lọ gé irùngbọ̀n.

Mutmainah ti gbọ́ ọ láti inú yàrá. Ó jáde pẹ̀lú làlì tútù lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó na ọwọ́ síwájú kí ó má baà kan ara. "Papa, daabi," ó wí, ó sì yí i sí Yorùbá. "Rárá. Bàbá Mamobi ló kọ́ mi ní Fátíà. Ẹ fẹ́ kí èèyàn kan ṣàdúrà fún mi tí kò mọ orúkọ mi?"

"Ó ti mọ orúkọ rẹ. Mo ti sọ fún un."

"Ẹ sọ fún un," Mutmainah tún un sọ. Ó padà wọlé.

Bàbá Àrówólò dé kí oòrùn tó kan àtàrí. Kò sí ẹni tó lè bá a wí nípa ìmúra. Sítáṣì agbádá rẹ̀ ń dún bí páálí, fìlà rẹ̀ gẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ń rìn bí ẹni tí ilé mẹ́rin ń dúró dè. Ó fa Àfísù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Àbúrò mi, kí ni orúkọ bàbá wa?"

"Yésúfù."

"Yésúfù. Ìlú wa ńkọ́?"

"Ìnísà."

"Ìnísà. Ó dáa, mo ti jẹ́ ọmọ Ìnísà rí. Kí ló pa bàbá wa?"

"Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Nígbà mìíràn wọ́n máa ń bèèrè." Ó gbóòórùn ìkòkò. "Ewúrẹ́ ni àbí àgùntàn? Àgùntàn kì í bá mi lára mu."

Màmá Treasure ń gún ata níwájú ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ó wo bàbá náà láti orí fìlà dé bàtà.

"Ìyá Mutmainah," ó pe Làtífátù, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin, "bàbá yìí mà dára o. Ta ni?"

"Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ ni."

"Ṣé ẹ rí i! Mo sì ń rò pé mo mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan tó jọ ọ́ ló fa ìyàwó lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́dún tó kọjá. Bàbá Jòsẹ́fù ni wọ́n pe tiwa." Ó gún ata náà lẹ́ẹ̀mejì. "Àwọn èèyàn a máa jọra láyé yìí."

Màmá Treasure gbé fóònù, ó wọlé, ó sì ti ìlẹ̀kùn. Kí ìrẹsì tó jinná, ọ̀rọ̀ náà ti dé Mamobi.

Àwọn àlejò dé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ èso àti àpótí aṣọ. Alhaji Abọ́dúnrìn ni aṣáájú wọn, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ ìyàwó, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń fi ọwọ́ kan fa tèsùbáà. Obìnrin mẹ́ta tẹ̀lé e. Abdulhameed, ọmọkùnrin tó ń fẹ́ Mutmainah, dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ẹní, kò sì dìde títí wọ́n fi ní kó dìde.

Ohun gbogbo ń lọ dáadáa. Àfísù jókòó lẹ́bàá ògiri, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀. Bàbá Àrówólò mọ iṣẹ́. Ó ṣe àwàdà, àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ó ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó bi wọ́n pé òdòdó wo ni wọ́n rí nínú ọgbà òun. Nígbà tí wọ́n dárúkọ Mutmainah, ó ní ṣé ọmọ òun tí òun gbé jó nígbà tó wà ní jòjòló? Làtífátù, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, wo ilẹ̀.

Ó kan àdúrà. Mutmainah kúnlẹ̀. Bàbá Àrówólò gbé ọwọ́ lé e lórí, ó di ojú, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀.

"Mutmainah, ọmọ wa. Ilé tí o ń lọ, wàá bá wọn gbé e pẹ́. Àwọn tó ṣáájú wa, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Bàbá wa, Alhaji Sàlámì, tó kó wa dé ilẹ̀ Ghana láti Ọ̀fà, kí Ọlọ́run ṣàforíjìn rẹ̀..."

Kò sí ẹni tó ṣe àmín. Bàbá náà la ojú kan.

"Bàbá," Alhaji Abọ́dúnrìn wí. Ohùn rẹ̀ kò le. "Ẹ má bínú. Ta ni Sàlámì?"

Bàbá Àrówólò wo Àfísù. Àfísù wo ẹní.

"Nítorí pé mo mọ bàbá wọn," Alhaji wí. "Kí n tó lọ sí Kumasi, mo gbé Lagos Town níhìn-ín. Ó pẹ́ débi pé mi ò dá ojú ọmọ mọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n mo mọ orúkọ bàbá. Yésúfù ni. Ọmọ Ìnísà ni."

"Yésúfù ni, Yésúfù ni!" Bàbá Àrówólò nu ojú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Ti Sátidé tó kọjá ló wá sí mi lẹ́nu."

Ọ̀kan lára àwọn obìnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fi gèlè bo ẹnu. Èyí tó jókòó tì í fẹnu sí i létí. Ó rò pé òun rọra sọ ọ́. Gbogbo yàrá gbọ́ ọ.

"Olúwọlé."

Níta, ìró odó Màmá Treasure dákẹ́.

Wọ́n ní ẹyin lohùn. Àfísù jókòó síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ohun kan já bọ́ láti inú rẹ̀. Ó ti pe ọ̀rọ̀ náà títí, kò mọ bí ó ti ń rí lára ẹni tí wọ́n bá pè bẹ́ẹ̀.

Mutmainah dìde kúrò lórí eékún.

"Bàbá, kì í ṣe ẹbí wa," ó sọ fún Alhaji. "Mo ní bàbá àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ó wà ní Mamobi. Mùktárù ni orúkọ rẹ̀. Ó wà láàyè, ara rẹ̀ sì yá."

Alhaji fa tèsùbáà díẹ̀ sí i. "Àwa kò kọ ọmọ," ó wí níkẹyìn. "Ọmọ yìí wù wá. Ẹni tí yóò fà á lé wa lọ́wọ́ ni a kò rí. Bí ẹni tó ń jókòó nípò àgbà bá jẹ́ àháyà, lọ́la tí wàhálà bá dé láàárín tọkọtaya, ta la ó ké sí? Ẹni ti Sátidé tó kọjá?" Ó dìde, àwọn yòókù dìde pẹ̀lú. "A ń lọ kírun Àsárì ní mọ́ṣáláṣí. Bí a bá padà tí onílé wà nílé, a ó jókòó. Bí kò bá sí, a ó kó ẹrù wa, Kumasi kò sún mọ́."

Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ìrẹsì nínú wọn. Abdulhameed ló jáde kẹ́yìn. Ó wo Mutmainah, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n pè é láti ìta.

Bàbá Àrówólò dúró, ó ń tún agbádá rẹ̀ ṣe. "Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni, àṣìṣe kò sí ibi tí kì í dé." Ó wo ìkòkò. "Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi tèmi sínú rọ́bà."

Làtífátù bu ìrẹsì sínú rọ́bà fún un. Ó fi ẹran sí i. Ó dì í ní kókó, ó fún un lọ́wọ́ méjèèjì, ó sì kúnlẹ̀ bí ó ti máa ń kúnlẹ̀ fún àgbà. Èyí ló dun Àfísù jù nínú ohun gbogbo tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó kù àwọn mẹ́ta, Àfísù ń retí ariwo. Ó ti to èsì rẹ̀ jọ. Ariwo kò wá. Làtífátù ń bo ìkòkò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ ò ní sọ nǹkan kan?" Àfísù bi wọ́n.

"Papa," Mutmainah wí, "bí wọ́n bá lọ, mi ò ní bá yín jà. Mo máa dákẹ́ ni. Ẹ mọ̀ pé mo lè dákẹ́. Ilé yìí ni wọ́n ti kọ́ mi."

Àfísù wọ bàtà.

Ó rìn gba inú Lagos Town, ó gba ìdí àwọn tí ń jókòó ti ẹ̀rọ ìlọta, ó yà sí àwọn ọ̀nà tóóró Mamobi níbi tí aṣọ tí wọ́n sá ń kan ènìyàn lójú. Àwọn ènìyàn ń kíra wọn lọ́tùn-ún lósì ní Haúsá, ní Ga, ní Yorùbá. Kò sí ẹni tó kí i. Tẹ́lẹ̀, kò lè kọjá níbẹ̀ láì dúró kí èèyàn mẹ́wàá. Ọmọdé kan tó gbé wàláà ní ìhà bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ta ni ó ń wá. Ó fẹ́ sọ pé òun mọ ọ̀nà. Ó rí i pé òun kò mọ̀ ọ́n mọ́. Wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ibi tí igi máńgòrò wà. Ó dárúkọ Mùktárù, ọmọ náà sì ṣáájú rẹ̀.

Mùktárù wà lórí àga níwájú yàrá rẹ̀. Ó ti wọ aṣọ funfun. Ó ti fi omi pa orí, ó ti dé fìlà. Ó jókòó bí ẹni tó ń lọ síbì kan tí wọn kò pè é sí. Ó ti darúgbó. Ìyẹn kò sí nínú ohun tí Àfísù ń gbé kiri lọ́kàn. Ẹni tó ń bá jà ní gbogbo ọdún wọ̀nyí ṣì ní irun dúdú.

"Ẹ káàsán, sà."

"Ta lò ń wá?"

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Èwo nínú wọn?" Mùktárù bèèrè. "Mo gbọ́ pé o ti ra tuntun."

Àfísù dúró.

"Páálí bíréèkì tí mo tà níjọ́ náà," Mùktárù wí, "bí mo ti rà á ni mo ṣe tà á. Wọ́n ti kó ayédèrú sínú rẹ̀, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ kí n tó rà á. O kò bi mí. Ọmọ ìyá mi ni ọ́, ṣọ́ọ̀bù rẹ kọjú sí tèmi, o kò rékọjá ọ̀nà wá bi mí. O gun orí àga, o pè mí bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo ọjà." Kò pe ọ̀rọ̀ náà. "Oníbàárà á gbé ọkọ̀ dé, á ní òun ń wá Mùktárù. Wọ́n á ní, Mùktárù wo, ṣé Olú... Mo ta ṣọ́ọ̀bù."

"Àwọn àlejò ń kírun lọ́wọ́," Àfísù wí. "Bí wọ́n bá padà tí wọn kò rí yín, wọn á lọ."

"Mo mọ̀."

"Ọmọ ń sunkún." Kò rí i kó sunkún. Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Mùktárù dìde, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó ti ìlẹ̀kùn. Ó ṣáájú. Àfísù tẹ̀lé e lẹ́yìn. Wọ́n dé Lagos Town.

Wọn kò tíì jókòó pẹ́ tí Alhaji Abọ́dúnrìn fi wọlé. Ó rí Mùktárù, ó na ọwọ́ síwájú láti ẹnu ọ̀nà, àwọn méjèèjì di ara wọn mú, wọ́n ń pe orúkọ àwọn tó ti kú ní Lagos Town. Mùktárù kò ṣe àwàdà kankan. Ó bèèrè ohun tí wọ́n wá ṣe, ó gbọ́ ọ dópin. Ó gbé ọwọ́ lé orí Mutmainah, ó sì pe Yésúfù, ó pe ìyá Yésúfù, ó pe ọmọ Yésúfù tó kú sójú ọ̀nà nígbà tí wọ́n lé àwọn Aláta, bí wọ́n ti ń pe Yorùbá níbẹ̀, kúrò ní Ghana, tí Àfísù kò tilẹ̀ rántí mọ́ pé ó ní orúkọ. Yàrá náà ṣe àmín débi pé Màmá Treasure ṣe é láti òkèèrè.

Wọ́n jẹun nígbà náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mutmainah gbé àwo wá síwájú Mùktárù, ó sì kúnlẹ̀ tì í. Mùktárù bu ẹyọ ìrẹsì díẹ̀ pẹ̀lú ìka, ó fi í sí ẹnu ọmọ náà, ó sì sún àwo padà.

"Ọlọ́run á bù kún un. Jẹ èyí tó kù fún mi."

Ó dìde. Gbogbo wọn fẹ́ sìn ín, ó ní kí wọ́n jókòó. Àfísù nìkan ló tẹ̀lé e dé ẹ̀bá títì.

Trotro, ọkọ̀ akérò, ń kọjá, àwọn méètì tí ń gbowó ọkọ̀ ń ké ní ẹnu ọ̀nà ọkọ̀. Mùktárù na ọ̀pá, ọkọ̀ kan dá ẹsẹ̀ dúró.

"Ẹ̀gbọ́n," Àfísù wí, "ẹ ṣeun."

"Ọmọ ni mo wá gbà sílẹ̀. Kì í ṣe ìwọ."

"Kí ni kí n ṣe?"

Mùktárù fi ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀. "Lọ sí Abossey Okai. Gun orí àga. Ibi tí o ti sọ ọ́ ni kí o ti mú un kúrò."

"Ta ló kù níbẹ̀ tó ṣì rántí?"

"Èmi," Mùktárù wí.

Méètì fa ìlẹ̀kùn. Ọkọ̀ náà lọ.

Nínú ilé, wọ́n ń pe Àfísù pé kó wá, wọ́n fẹ́ ya fọ́tò. Ó dáhùn láti ẹ̀bá títì pé òun ń bọ̀. Wọ́n tún pè é. Lẹ́yìn náà wọn kò pè é mọ́, ó sì gbọ́ tí wọ́n ń kà á, ení, èjì, ẹ̀ta, tí gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà.